Ooru Oko Kì í Gbé Oko

Lórí ilẹ̀ pápá Kánádà, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú hóró láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn àgbẹ̀ gbà pé ìkórè ti parí lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ìkórè bá padà sábẹ́ òrùlé. Wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á nu ojú, wọ́n á jókòó jẹun alẹ́ bí ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá jẹ́ àlìkámà ni wọ́n kó, n kò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kánólà ni, pàápàá kánólà tí ooru ti fojú rẹ̀ rí màbo kó tó gbó, lójú tèmi ìdajì iṣẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tán. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kánólà kì í ṣe àjèjì sẹ́nu àwọn ènìyàn wa tó wà lókè òkun. Òróró rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Toronto fi ń dín dòdò. Ohun ọ̀gbìn tí òróró náà ti wá ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ẹ bá wakọ̀ la Saskatchewan kọjá nínú oṣù Keje, ẹ ó rí oko aláwọ̀ ìyeyè tó tẹ́ lọ rẹrẹ dé ibi tí ojú ríran mọ. Òdòdó kánólà nìyẹn. Hóró rẹ̀ kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ, ó rí roboto, ó sì máa ń dúdú tàbí kó ní àwọ̀ ilẹ̀. Ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń pè ní rape ni baba rẹ̀, èyí tí wọ́n gbìn ní Kánádà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kí wọ́n lè rí òróró fi sí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi. Onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn méjì, Keith Downey ní Saskatoon àti Baldur Stefansson ní Manitoba, ló ṣe aáyan tí ásíìdì tí kò dára fún jíjẹ àti àwọn èròjà kíkorò fi dín kù lára rẹ̀. Ẹ̀yà àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ méjèèjì pé sí lára, tí wọ́n pè ní Tower, jáde lọ́dún 1974. Orúkọ náà, kánólà, dé lọ́dún 1978. Lónìí, nǹkan bí ìdajì kánólà Kánádà ló ń ti Saskatchewan jáde.

Òróró ló kó ju ìdá 40 lọ nínú 100 hóró yìí, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà àká ti bẹ̀rẹ̀. Òróró kì í gba omi sára. Gbogbo omi tó bá wà nínú hóró kánólà á kóra jọ sí apá tí kì í ṣe òróró. Bí mítà tí a fi ń wọn omi inú hóró bá ní omi inú kánólà jẹ́ ìdá 8 nínú 100, èyí tó wà nínú ẹran hóró náà fúnra rẹ̀ ń lọ sí ìdá 14. Ìdí nìyẹn tí àlìkámà fi lè wà nínú àká láìséwu ní ìdá 14, tí kánólà á sì ti bàjẹ́ kí ìwọ̀n omi rẹ̀ tó súnmọ́ ibẹ̀.

Ìlànà ọjà Kánádà pe kánólà ní gbígbẹ bí omi inú rẹ̀ kò bá ju ìdá 10 lọ. Gbígbẹ tí a fi ń tà nìyẹn o. Gbígbẹ tí a fi ń tọ́jú yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí kánólà òun kọjá ìgbà òtútù nínú àká, ìdá 8 ni kó máa lé, kí ooru hóró náà má sì ju 15°C lọ. Nọ́ńbà méjì ni mo kà yẹn. Ọ̀kan péré ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń rántí.

Kí a tó dé inú àká, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ooru ń ṣe lóko. Kánólà fẹ́ràn ilẹ̀ tútù. Bí ọ̀sán bá ń gbóná ju 30°C lọ lásìkò tó ń tanná, tí òru kò sì tutù tó láti fún un nísinmi, òdòdó á máa re dànù láìso. Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2021, ooru kan bo ìwọ̀-oòrùn Kánádà tí àwọn àgbà ibẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ 29 oṣù náà, ìlú Lytton ní British Columbia gbóná dé 49.6°C, kò sí ibì kankan ní Kánádà tí wọ́n ti wọn ooru tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀dá sì ti wà lórí ilẹ̀ pápá kí ooru náà tó dé. Nígbà tí wọ́n máa kórè tán lọ́dún yẹn, kánólà tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà rí kó dín sí ti ọdún tó ṣáájú ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Àwọn oníròyìn ka ohun tí àwọn àgbẹ̀ kò rí kó. Iṣẹ́ tèmi ni láti wo èyí tí wọ́n rí kó, nítorí ooru oko kì í gbé oko. Ó ń bá ọkọ̀ wọlé. Ọ̀nà méjì ló máa ń gbà wọlé.

Ọ̀nà kìíní ni àìgbó dọ́gba. Bí òjò díẹ̀ bá rọ̀ lẹ́yìn tí ooru ti lu kánólà, á tún yọ ẹ̀ka tuntun, á tún tanná. Nígbà tí àsìkò ìkórè bá fi máa tó, èèpo tó wà nísàlẹ̀ ti gbẹ háú-háú, tòkè ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ̀rọ ìkórè kò mọ ìyàtọ̀. Ó ń da àgbà àti ọmọdé pọ̀ sínú ọkọ̀ kan náà. Ọ̀nà kejì ni gbígbẹ òjijì. Hóró tí kò tíì gbó ní àwọ̀ ewé nínú. Kí àwọ̀ náà tó lè ṣí kúrò, hóró nílò omi díẹ̀ nínú ara rẹ̀, ó sì nílò ọjọ́ mélòó kan. Bí ooru àti atẹ́gùn bá gba omi náà lójijì, àwọ̀ ewé á há sínú hóró, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́ kí àgbẹ̀ ṣe bí ó ti fẹ́.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kò le. Pátákó pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n dá ihò wẹ́wẹ́ 100 sí lára. A ó tì í bọ inú hóró, a ó gbọn èyí tó lé dànù, hóró kọ̀ọ̀kan á jókòó sínú ihò tirẹ̀. A ó wá fi téèpù tẹ̀ ẹ́ lójú kí àwọn hóró náà lè lẹ̀ mọ́ ọn, a ó dojú téèpù bo bébà funfun, a ó sì yí rólà lé e lórí. Ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ pàrà-pàrà. Hóró tó gbó dáadáa á fi ẹran aláwọ̀ ìyeyè hàn. Èyí tí ooru ká mọ́ kékeré á fi àwọ̀ ewé hàn kedere, a ò ní nílò ẹni tó máa tọ́ka sí i. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó lè pé 500 hóró. Kánólà tó bá máa wọ ipò kìíní lọ́jà Kánádà kò gbọdọ̀ ní ju ìdá 2 aláwọ̀ ewé lọ nínú 100, ìyẹn hóró 10 nínú 500.

Àwọn tó ń rà á ń ka àwọ̀ ewé yẹn nítorí òróró tó ń bà jẹ́ láwọ̀, tí ilé-iṣẹ́ tó ń fún òróró á tún náwó kún owó kó tó lè mọ́. Èmi ń kà á nítorí pé ó ń sọ ìtàn oko fún mi. Bébà tó bá kún fún àwọ̀ ewé ń jẹ́ kí n mọ̀ pé oko náà kò gbó pọ̀, àti pé àwọn kan wà nínú òkìtì hóró yìí tí ara wọn kò tíì balẹ̀.

Hóró tí a kó kò tíì kú. Ó ń mí. Ó ń jẹ lára oúnjẹ tó kó pamọ́ sínú ara rẹ̀, ó sì ń tú omi àti ooru jáde. Kánólà tuntun lè máa làágùn báyìí títí dé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìkórè, èyí tí kò gbó sì ń mí ju èyí tó gbó lọ. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ kòkó rí, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣú u lójú. Bí a bá kó hóró kòkó tútù jọ, tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó dáadáa, kò ní pẹ́ tí inú rẹ̀ á fi gbóná débi pé ọwọ́ á tètè yọ. Kò sẹ́ni tó dáná sí i; òun ló mú ooru ara rẹ̀ wá. Ti kòkó, àwa la wá ooru náà, nítorí ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ ti ń wá. Ti kánólà, olè ni ooru náà. Omi tí hóró tú jáde á fi àyè gba àwọn olú wẹ́wẹ́ tó ń mú oúnjẹ bu. Àwọn olú náà á mí, wọ́n á tú ooru tiwọn kún un. Ooru yẹn á tún mú kí hóró máa mí kíkankíkan sí i. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ wá fi ti ọjọ́ ìkórè kún un. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, ooru ọ̀sán lórí ilẹ̀ pápá ṣì lè ju 30°C lọ. Hóró tí wọ́n bá kó lọ́sàn-án bẹ́ẹ̀ gbé ooru náà wọ àká, òkìtì hóró kì í sì í tètè jẹ́ kí ooru jáde. Àká ńlá tó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù lè máa gbóná láàárín títí yìnyín á fi bo ilẹ̀ níta.

Ibí ni èmi àti àwọn àgbẹ̀ ti máa ń fa ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, “Mítà sọ pé ìdá 7 ni. Ó ti gbẹ. Kí ni mo tún fẹ́ máa tan fáànù àká sí?” Èsì mi ni pé mítà kò purọ́, àmọ́ ìpíndọ́gba ló fún wa. Nínú ìdá 7 yẹn, ọ̀pọ̀ hóró lè wà ní ìdá 5, kí díẹ̀ tó ti orí ẹ̀ka tuntun wá sì wà ní ìdá 12. Kí omi inú wọn tó pín dọ́gba, àwọn tó wà ní ìdá 12 ti lè bẹ̀rẹ̀ wàhálà níbi tí wọ́n kóra jọ sí. Mítà kò sì sọ̀rọ̀ nípa ooru rárá, nítorí a kò bi í. Kánólà gbígbẹ tó gbóná kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Nígbà tí òde bá wá tutù, ọ̀ràn míì á tún yọjú. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín hóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri irin á tutù, á máa rọ̀ wálẹ̀. Ti àárín, tó gbóná, á máa gòkè, á sì gbé ọ̀rinrin dání. Bó bá dé òkè, níbi tí hóró ti tutù lábẹ́ òrùlé, ọ̀rinrin náà á dì sára wọn. Òjò kò rọ̀ wọlé, òrùlé kò jò, síbẹ̀ orí òkìtì ti rin gbìndìn-gbindin.

Àká kan wà tí mo lọ wò nínú oṣù Kìíní, tí òde tutù dé 30°C nísàlẹ̀ òdo. Ẹni tó ni oko ti pa fáànù rẹ̀ láti ìgbà ìkórè nítorí owó iná, ó sì dá a lójú pé kò sí ohun tó lè bàjẹ́ nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀. Mo gun àkàbà, mo ṣí ìdérí òkè. Kí n tó yọjú wọ inú rẹ̀ ni òórùn ti pàdé mi, òórùn tábà tó ní nǹkan jíjóná díẹ̀ nínú. Omi dídì ti lẹ̀ mọ́ inú òrùlé, ojú òkìtì sì ti dì gbagidi. Mo ki ọ̀pá irin gígùn bọ òkìtì náà láti ẹnu ìdérí náà, mo fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo fà á yọ, mo wá bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ kan láti fọwọ́ kàn án. Irin tó yẹ kó gan mọ́ mi lọ́wọ́ fún òtútù ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Nígbà tí a fọ́ hóró rẹ̀ sórí bébà, kò sí ìyeyè, kò sí àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ilẹ̀ ṣíṣú ló jáde. Bàbá náà wo bébà yẹn títí, ó ní, “Ṣé òtútù kò wá ṣe nǹkan kan ni?” Mo ní òtútù kò dé ibẹ̀.

Kí ẹni tó bá rò pé díẹ̀ tó bàjẹ́ kò lè pa ọ̀pọ̀ lára gbọ́ èyí: nínú kánólà ipò kìíní, hóró tí ooru àká ti bà jẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.1 lọ nínú 100. Ẹyọ kan ni nínú ẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni da orí òkìtì tó bàjẹ́ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ tó dára ní ìrètí pé kò ní hàn. Yóò hàn, gbogbo rẹ̀ ni owó rẹ̀ á sì já. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Kí wá ni ṣíṣe? Tan fáànù ní kété tí hóró bá ti bo ilẹ̀ àká, má dúró dìgbà tó bá kún. Ìtutù máa ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Orí òkìtì ló máa ń tutù kẹ́yìn, nítorí náà orí òkìtì ni kó o wọ̀n kó o tó pa fáànù. Hóró kánólà kéré, wọ́n sì ń há mọ́ra wọn, afẹ́fẹ́ kì í rọrùn láti kọjá láàárín wọn. Fáànù tó tó fún àlìkámà nínú àká kan lè má tó fún kánólà nínú àká kan náà. Ẹ má sì ṣì í mú: fáànù tó ń mú hóró tutù kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń gbẹ ẹ́. Èyí tó bá rin ní láti kọ́kọ́ gbẹ.

Lẹ́yìn èyí, wo àárín. Nígbà tí hóró bá ń dà wọ àká láti òkè, pàǹtírí, èèpo fífọ́ àti hóró èpò tútù máa ń kóra jọ sí àárín gbùngbùn, hóró gidi á sì yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àárín yẹn ni afẹ́fẹ́ kì í ráyè gbà, ibẹ̀ náà ni ooru ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Fa hóró ẹ̀kún ọkọ̀ bíi mélòó kan jáde láti ìsàlẹ̀ bí àká bá ti kún; àárín ló máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ṣóńṣó orí òkìtì á sì wọlé. Ẹni tí kò bá ní fáànù, kó dúró de ọjọ́ tí òde tutù, kó fa ìdá kan nínú mẹ́ta jáde ó kéré tán, kí afẹ́fẹ́ lù ú, kó tó dá a padà sókè. Iṣẹ́ ni, ó sì ń jẹ epo. Owó epo yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká kan tó bàjẹ́.

Ọ̀pọ̀ àká ìgbàlódé ní okùn tó ń wọn ooru, tó ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo fẹ́ràn wọn, mo sì ń bẹ àwọn tó bá lágbára pé kí wọ́n rà wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nítòsí okùn nìkan ni okùn mọ̀, nítorí hóró kì í jẹ́ kí ooru rìn jìnnà. Wíwò bí nọ́ńbà ṣe ń yí padà ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà fúnra rẹ̀ lọ. Ibi tó bá ń gbóná sí i nígbà tí òde ń tutù sí i, má ṣe sùn lé e. Imú ènìyàn náà sì ṣì wúlò: gun àkàbà, ṣí ìdérí, gbóòórùn. Ṣe é lemọ́lemọ́ nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, má sì dáwọ́ dúró nígbà òtútù. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, tí oòrùn ń mú ògiri tó kọjú sí gúúsù gbóná tí àárín ṣì tutù, afẹ́fẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn tirẹ̀ lódì-kejì, o sì ní láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wò.

Má wọ inú àká o, bó ti wù kó rí. Mo fi òǹtẹ̀ lé èyí. Kánólà ń ṣàn, kò ṣe é dúró lé. Bí ẹ̀rọ bá ń fà á jáde nísàlẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti gbé ènìyàn mì dé ọrùn. Èyí tó bàjẹ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ojú rẹ̀ á dì bí ilẹ̀ tó ṣeé tẹ̀, ihò á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ pàápàá ewu ni. Kò sí kánólà tí ẹ̀mí ènìyàn tọ́ sí.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ka èyí ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni. Sóyà àti ẹ̀pà pẹ̀lú jẹ́ hóró olóróró. Bí a bá rọ wọ́n sínú àpò nígbà tí wọ́n ṣì gbóná láti orí kọńkéré tí a sá wọn sí, tí a tò wọ́n mọ́ ògiri láìsí àyè fún afẹ́fẹ́, ìlànà kan náà ló máa ṣiṣẹ́ lára wọn. Oró tí ẹ̀pà bíbu máa ń ní, tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tún ń pa ẹ̀dọ̀ ènìyàn lára. Jẹ́ kí hóró tutù kó o tó dì í.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń bá wọn ṣiṣẹ́ ìkórè ní Saskatchewan, Alberta àti Manitoba, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò pọ̀. Lọ́dún tí ooru bá jà, ẹ má fi ẹnu mítà nìkan gba kánólà sínú àká. Ẹ bi ọ̀gá yín bí oko ṣe gbó, ẹ wọn ooru hóró bó ṣe ń bọ́ láti inú ọkọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ sára ìlẹ̀kùn àká pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kó o. Bí ó bá ju 15°C lọ, ẹ tan fáànù lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Èyí tó bá ń kọ yín lóminú, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tà á.